Adìẹ Tí Kò Ní Òjìji

Ọwọ́-Wúrà kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ fún un. Bí o bá bi í léèrè, yóò ní àwọn èèyàn ló ń pe òun bẹ́ẹ̀, òun kò tilẹ̀ mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ní sọ fún ọ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ife tí òun fi ń mu tíì, àti pé ife yẹn ló ṣáájú ẹnu àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó mọ àwòrán yà. Òun ló ya adìẹ.

Kò sí ẹni tó ń gbá géèmù tí kò mọ adìẹ yẹn: adìẹ funfun tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta kó lè rékọjá odò lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Géèmù pẹlẹbẹ ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tuú-díì. Adìẹ lè lọ sọ́tùn-ún, ó lè padà sósì, ó lè fò sókè, ó lè já wálẹ̀, ó parí. Ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń wo èèrà tó ń rìn lára ògiri. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ibi tí òkúta parí sí, ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀, kedere ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá já sómi, o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló yá jù, o ò rí ẹlòmíì bá wí.

Géèmù yẹn ló gbé Ọwọ́-Wúrà níyì. Ṣùgbọ́n ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà ní ayé ti kúrò lórí pẹlẹbẹ, kí wọ́n sọ adìẹ di tíríì-díì, kó ní iwájú, kó ní ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń gbá a lè rìn yí òkúta po bí ẹni ń rìn yí ilé po. Ọwọ́-Wúrà ní kò sóhun tó ṣòro níbẹ̀. Ẹni tó ya iwájú, ṣé ẹ̀yìn ni yóò wá dà á láàmú?

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ kóòdù, ìyẹn òfin tí adìẹ fi ń rìn, tó fi ń fò, tó fi ń ṣubú. Ọwọ́-Wúrà ló mú un wọ ibi iṣẹ́ náà, "Àbúrò" tó ń pè é ló sì di orúkọ rẹ̀ lẹ́nu gbogbo wọn, títí kan Ọ̀gá. Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi adìẹ tuntun han àlejò kan tó fẹ́ ra géèmù náà, adìẹ kàn rì wọnú ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ la ẹnu. Àṣìṣe Àbúrò ni, ó sì gbà. Àlejò bá tiẹ̀ lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "A óò tún rí àlejò mìíràn. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ba iṣẹ́ wa jẹ́, kó gbé báàgì rẹ̀ máa lọ." Gbogbo ilé ló sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ojú Àbúrò ló ń wò.

Àlejò kejì ń bọ̀ lónìí.

Ọwọ́-Wúrà ti tètè dé láàárọ̀, ó fẹ́ rí iṣẹ́ ara rẹ̀ kí ẹlòmíì tó rí i. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó gbé adìẹ jáde, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń wò ó bí ọkọ ìyàwó ṣe ń wo ìyàwó nínú fọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ló wù ú, àfi nǹkan kan. Àmì dúdú róbótó kan wà lábẹ́ adìẹ. Ibi tí adìẹ bá lọ ni àmì náà ń lọ. Bí adìẹ bá fò, àmì náà kì í bá a fò. Ilẹ̀ ló ń wà, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gangan, tí yóò máa tẹ̀ lé e. Àbúrò ló fi í síbẹ̀, ó sì pè é ní òjìji.

Òjìji wo? Ọwọ́-Wúrà lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, ó gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Òòrùn tó yà wà lápá òsì, ó ti ń wọ̀, òjìji gbogbo igi àti òkúta sì nà gbọọrọ sápá ọ̀tún bó ṣe yẹ ọmọlúàbí òjìji. Ti adìẹ nìkan ló lúgọ sábẹ́ ìdí rẹ̀, bí ẹni pé adìẹ tọ̀ sílẹ̀.

"Ẹni tó mọ iṣẹ́ á wò ó, á ní ta ló ya èyí," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó bá yọ ọ́ kúrò.

Kì í kúkú ṣe aláìbìkítà. Ó mú pádì tí wọ́n fi ń darí adìẹ, ó gbá géèmù náà wò. Bí ìṣe rẹ̀, kó tó tẹ ohunkóhun, ó fi àtàǹpàkò yí kámẹ́rà, ìyẹn ojú tí géèmù fi ń wo adìẹ, títí tó fi ń wo adìẹ láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí òòrùn ti dùn ún wò jù. Adìẹ fò, ó tún fò, ó rékọjá odò láìfẹsẹ̀ kan omi. Ọwọ́-Wúrà mi orí. Ó fẹ́ sọ fún Àbúrò nígbà tí ìyẹn dé, ṣùgbọ́n Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ìkánjú, ó ní kí wọ́n nu tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sún àga, kí wọ́n ká wáyà nílẹ̀ kí àlejò má baà kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sọnù.

Ọ̀gá fi pákó fífẹ̀ kan dí ibi tí kọ̀ǹpútà wà, ó ní kí Àbúrò jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò kò ní rí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Nọ́ńbà tó ń ṣàn lórí kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò máa wò.

"Kí ló dé tí mi ò lè jókòó síta, sà?" Àbúrò bi í.

"Àlejò kì í fẹ́ rí ẹni tó ń làágùn."

"Mi ò tíì làágùn, sà."

"O máa làágùn," Ọ̀gá wí.

Àlejò dé. Obìnrin àgbà ni, ohùn rẹ̀ kò ròkè, ó fi okùn tín-ín-rín so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló rán an, òun ló ń yan géèmù tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Màdáàmù ni Ọ̀gá ń pè é, ó sì ń pè é lápèjù. Obìnrin náà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní pádì. N kì í gbọ́ àlàyé. Bí mo bá dé òdìkejì odò, a ó sọ̀rọ̀. Bí n kò bá dé ibẹ̀, ẹ ò ní bínú sí mi."

"Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, Màdáàmù," Ọwọ́-Wúrà wí, ó sì súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, "ẹ wo òòrùn yẹn. Ọ̀pọ̀ oorun ni mo pàdánù nítorí òòrùn yẹn. Nínú ayé tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ojú mi ló yàn án."

"Òòrùn dára," Màdáàmù wí. "Ẹ kúrò níwájú rẹ̀ kí n lè rí adìẹ."

Ó gbé awò sójú. Adìẹ wà létí odò, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ṣòkòtò péńpé rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Òkúta wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà níwájú ìyẹn, wọ́n tò lọ títí dé òdìkejì. Màdáàmù tẹ bọ́tìnì. Adìẹ fò, ó nà, ó sì já sínú omi. Igbe rẹ̀ gba gbogbo yàrá.

"Mo yára," Màdáàmù wí.

Adìẹ tún jáde létí odò. Ó fò. Ó fo òkúta kọjá, ó já sómi.

"Báyìí ni mo wá kọjá rẹ̀." Ó rọra tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ni. Ẹ̀ẹ̀kẹrin náà, omi ni. Igbe adìẹ, tí Ọwọ́-Wúrà fúnra rẹ̀ yàn nítorí pé ó ń pa á lẹ́rìn-ín, wá ń dún létí rẹ̀ bí irin tí wọ́n ń fi ha àwo. Ọ̀gá ti ń fi ìka lu ẹ̀yìn àga. Ojú Màdáàmù kò le, ìyẹn gan-an ló burú. Ojú ẹni tó ti ń ro ibi mìíràn tó fẹ́ yà sí ni.

"Àbúrò," Ọ̀gá kọjú sí pákó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Gbogbo rẹ̀ ló pé níbí."

"Ó pé, ó wá ń rì?"

"Fífò rẹ̀ pé, sà. Ibi tí òkúta wà náà pé. Mo ń wò ó."

Níbí yìí ni Ọwọ́-Wúrà ti fi ohùn àgbà dá sí i, ohùn ẹni tó ń fi ìfẹ́ bá ọmọdé wí lójú àlejò. "Àbúrò mi, tún fífò yẹn wò dáadáa. Lójú tèmi, ó dà bíi pé adìẹ ń nà ju bó ṣe yẹ lọ."

Kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Àwòrán rẹ̀ kò kúkú lè ṣubú sómi, àwòrán ni. Kóòdù ló ń fò. Bọ́tìnì kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ lẹ́yìn pákó.

Màdáàmù na pádì sí Ọwọ́-Wúrà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya á, ẹ gbá a kí n rí i."

Ọwọ́-Wúrà kò jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba pádì, ó dúró, kò jókòó, nítorí pé ẹni tó bá dúró ni gbogbo ojú ń wò. Àtàǹpàkò rẹ̀ yí kámẹ́rà kó tó mọ̀. Òòrùn bọ́ sápá òsì, odò nà gbalaja láti ẹ̀gbẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n dé ẹ̀gbẹ́ kejì, òkúta tò bí eyín. Adìẹ fò, adìẹ bà, adìẹ fò, adìẹ bà. Ó dé òdìkejì, ó gbọn ìyẹ́, ó jó.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Màdáàmù, ẹ rí i pé kò sí wàhálà. Ọwọ́ ló kù."

"Ọwọ́ ta ni?" Màdáàmù bi í.

Ọ̀gá wo Ọwọ́-Wúrà, ó wo pákó.

"Ẹ̀gbọ́n." Ohùn Àbúrò ló jáde láti ẹ̀yìn pákó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kámẹ́rà yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ. Ti Màdáàmù wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i nínú nọ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún fò."

"Kí nìyẹn fẹ́ yí padà? Adìẹ kan náà ni."

"Adìẹ kan náà ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà bá mi fò ó."

Ọwọ́-Wúrà rẹ́rìn-ín sí Màdáàmù bí ẹni ń tọrọ àforíjì nítorí ará ilé, ó dá kámẹ́rà padà. Ayé yí. Odò tó nà gbalaja di ohun tó ń lọ síwájú, tó ń jìnnà. Àwọn òkúta tó tò bí eyín wá to ara wọn lẹ́yìn, èyí ń bo èyí. Ó tẹ bọ́tìnì. Adìẹ gbéra, ó wà lókè, ohun tí Ọwọ́-Wúrà sì rí kò ju ìdí adìẹ nínú ṣòkòtò lọ. Ṣé orí òkúta àkọ́kọ́ ló wà ni? Ṣé ó ti kọjá rẹ̀? Ṣé kò tíì dé ibẹ̀? Kó tó dáhùn, adìẹ ti ké, omi ti fọ́n.

Ó tún fò. Ó tún já. Ó gbìyànjú láti fi ọgbọ́n orí wọn ọ̀nà náà, adìẹ já sí ẹ̀yìn òkúta. Ó gbìyànjú láti má ronú rárá, adìẹ já síwájú rẹ̀. Òógùn bọ́ sí i lójú.

Ẹ̀ẹ̀mìíràn tí adìẹ tún wà lókè, ojú rẹ̀ sá wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń wá nǹkan kan lórí òkúta, lórí omi, lábẹ́ adìẹ gan-an. Kò rí i.

Àmì dúdú yẹn ló ń wá.

Ó dúró pẹ̀lú pádì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń yé e díẹ̀díẹ̀ bí omi tútù tó ń wọ bàtà. Nínú ayé pẹlẹbẹ, gíga àti ìbú wà lórí àwòrán, ojú ń kà wọ́n tààrà. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni, kò ní inú. Ọ̀nà kẹta, èyí tó ń lọ síwájú, kò sí lórí rẹ̀ rárá, irọ́ dídára lásán ni. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ fún ojú pé ibí ni adìẹ wà, ibí ni yóò bà sí. Òjìji róbótó yẹn ló ń sọ ọ́. Kò bá òòrùn mu, nítorí pé òòrùn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun tó ń yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo, géèmù àtijọ́ ló ń gbá láti ọjọ́ yìí, tó ń pè é ní tuntun.

"Ó tó," Ọ̀gá wí. "Àbúrò, jáde wá."

Àbúrò jáde. Ó ti làágùn lóòótọ́. Màdáàmù ti yọ awò, ó ń nu ún, ọwọ́ rẹ̀ kejì ń wá okùn báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Fífò rẹ tó pé," Ọ̀gá wí fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má la ẹnu, "ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ti pé. Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ilé yìí?"

"Mo rántí, sà. Mi ò kàn rí ibi tó ti ṣẹ̀ ni." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tó fura, bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni. Ìyẹn dun Ọwọ́-Wúrà ju ìfura lọ.

"Ẹ dúró ná," Ọwọ́-Wúrà wí. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde."

Ó wọ ẹ̀yìn pákó. Ohun tó fẹ́ ṣe kò gbà ju kíkan bọ́tìnì lọ, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tó fi kàn án, orí rẹ̀ ti bá a hun aṣọ tó máa wọ̀ jáde. Ó jáde pẹ̀lú àyà gbígbé síwájú.

"Ẹ gbá a báyìí."

Màdáàmù wò ó, ó fi awò padà sójú, ó mú pádì. Adìẹ fò. Àmì dúdú sá síwájú lórí omi, ó gun òkúta, ó dúró. Adìẹ bà lé e lórí. Ó tún fò, ó tún bà. Kò pẹ́, ó dé òdìkejì, ó ń jó. Ọ̀gá ti jókòó láìmọ̀.

"Kí lẹ ṣe?" Màdáàmù bi í.

"Òjìji ni," Ọwọ́-Wúrà wí. "Ẹ ní ẹ kì í gbọ́ àlàyé, Màdáàmù. Mo wá ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i. Mo yọ òjìji kúrò kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pẹlẹbẹ àti èyí tó ní inú, òjìji ni gbogbo rẹ̀."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. "Ọwọ́-Wúrà. O fẹ́ pa mí. O mọ̀, o wá dákẹ́?"

Ó dùn. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ Ọwọ́-Wúrà lára bí omi ìwẹ̀ gbígbóná. Ó ti ń rò ó bí yóò ṣe sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń fi iyọ̀ sí i, nígbà tí Àbúrò sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ ní kí n tún fífò wò, ẹ ti mọ̀ pé òjìji ni?"

Kò gbé ohùn sókè. Ìbéèrè lásán ni, bí ẹni ń béèrè pé ṣé òjò rọ̀.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkà ni: ó jókòó, ó fi àbúrò ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kó máa làágùn lẹ́yìn pákó, ó sì tún fi ọ̀rọ̀ ti ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òmùgọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀, bí wọ́n bá gbé méjèèjì síwájú rẹ̀, ìkà ni yóò mú. Ìkà ní iyì tirẹ̀, àwọn èèyàn á máa yà fún un lọ́nà. Òmùgọ̀ kò ní nǹkan kan. Ọwọ́-Wúrà wo Ọ̀gá tó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó wo Màdáàmù. Ó wá wo Àbúrò, ojú ìyẹn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdáhùn tí kò tíì fún un, ó ti ń pa dé díẹ̀díẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń tì.

"Rárá," ó wí. Ohùn àgbà ti kúrò níbẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mo rò pé ó ń ba àwòrán mi jẹ́ ni. Àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́, mi ò sọ fún ọ. Irọ́ ni mo ń pa fún Màdáàmù lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ nǹkan kan títí èmi náà fi ṣubú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọ̀gá. Adìẹ ṣì ń jó lórí tẹlifíṣọ̀n, kò bá wọn mọ̀ sí i.

"Mo ti ń wò yín," Màdáàmù wí. "Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kì í làágùn tó bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó yíjú sí Ọ̀gá. "Mo ti dé òdìkejì odò. Ẹ ní yàrá tá a ti lè sọ̀rọ̀?"

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí obìnrin náà wọlé tán, Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Ọwọ́-Wúrà. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, gbogbo ilé ni mo sọ ọ́ fún."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọ̀gá," Àbúrò wí, "Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní igbó tí wọ́n fẹ́ yà ní òdìkejì odò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i mọ́, kí wọ́n má yọ nǹkan kan kúrò, àfi bí mo bá kọ́kọ́ rí i."

"Lábẹ́ rẹ nìyẹn?"

"Ẹ pè é bó ṣe wù yín, sà."

Ọ̀gá bi Ọwọ́-Wúrà bóyá ó gbọ́. Ọwọ́-Wúrà ní òun gbọ́. Ọ̀gá ní kó tún un sọ kí ó dá òun lójú. Ó tún un sọ: òun yóò máa fi han Àbúrò kí òun tó ṣe é. Ó sọ ọ́ láìkọsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò kò bú u. Ó fa àga kan wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé pádì lé e lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kámẹ́rà sẹ́yìn adìẹ.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Kẹ́ ẹ tó ya igbó, ẹ máa kọ́kọ́ gba ibí yìí dé ibẹ̀. Ẹ má yí i o."

Ọwọ́-Wúrà jókòó. Ó wo àmì dúdú tó lúgọ sábẹ́ adìẹ, ó wo òòrùn lápá òsì. Ó la ẹnu láti sọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀, ó rí ojú Àbúrò, ó pa á dé. Ó tẹ bọ́tìnì. Adìẹ gbéra, òjìji sá síwájú, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, omi fọ́n.

"Ẹ tún fò," Àbúrò wí.